Ògiri Tí Kò Gba Ìṣó

Ilé bírìkìlà àgbà yìí dùn ún wò láti ìta, ṣùgbọ́n àlejò tó bá wọ pálọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ wò yíká, á sì béèrè bóyá wọ́n ń kó kúrò níbẹ̀ ni. Kàlẹ́ńdà ò sí lára ògiri, aago ò sí, fọ́tò ò sí. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun báláú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni bírìkìlà fi rẹ́ wọn lọ́dún tó kọ́ ilé náà fún ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ tí símẹ́ńtì gbẹ ló sì ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ wọn. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí wọ́n gbé fọ́tò òun kọ́ sókè àga ńlá, fọ́tò ìgbà ọmọge rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ẹran inú ìkòkò jẹ. "Ó dọ̀la," ni ọkọ máa ń wí. Ọ̀la ò dé títí tí obìnrin náà fi kú. Wọ́n fi ìró wé fọ́tò náà, ó di inú àpótí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí a sì máa ṣí i wò nígbà tí bàbá bá jáde.

Ọmọbìnrin yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọ́tìnnì ló ń rán. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó mọ bí a ṣe ń wọn fèrèsé, ó mọ aṣọ tí oòrùn ò lè là kọjá, ṣùgbọ́n kò tíì sí ọkùnrin kan tó bá a sọ̀rọ̀ tí inú rẹ̀ dùn láti dáhùn.

Ilé ìwòsàn tuntun kan ló ti pàdé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé àwòrán kọ́ fún àwọn onílé. Wọ́n pè é láti wá gbé kọ́tìnnì kọ́ sí yàrá tí àwọn aláìsàn á ti máa dúró de dókítà. Ó wọlé, ó bá ọkùnrin kan lórí ìkúnlẹ̀, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, àwòrán márùn-ún nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń ṣí wọn nípò bí ẹni tó ń ta ayò.

"Ẹ má bínú o, ọ̀gá, ẹ ti dí ojú fèrèsé mi."

"Fèrèsé yín? Mo rò pé ti ilé ìwòsàn ni."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jẹ́ kó hàn. Ó gbé àkàbà rẹ̀ kalẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọkùnrin náà. Ó rí i tó fi ìka ọwọ́ kan ògiri kọ́, kọ́, kọ́, tó fi etí tì í, kó tó gbé ìṣó. Ó rí i tó gbé àwòrán odò kan kọ́, èyí tí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni kò lè pa mọ́ra.

"Ó ti wálẹ̀ jù. Ṣé ewúrẹ́ ló máa wò ó ni?"

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Ẹ jókòó."

"Mi ò ráyè ìjókòó."

"Ẹ ṣáà jókòó. Kí ẹ ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá."

Ó jókòó sórí àga kan, ó ń kùn sínú. Ó gbójú sókè. Odò náà bọ́ sí i lójú gẹ́lẹ́, ọkọ̀ kékeré yẹn bíi pé òun nìkan ni wọ́n gbé e wá bá.

"Ta ni yóò máa wò ó? Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi nìyẹn," ni ọkùnrin náà wí. "Ìjókòó lẹni tó bá wá síbí máa wà, ẹ̀rù á sì máa bà á. Bí mo bá gbé e sókè, dókítà tó ń kọjá lọ ni mo gbé e kọ́ fún, dókítà ò sì ráyè."

Ọmọbìnrin náà tún wo odò náà. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

"Èkejì, mo fẹ́ gbé e kọjú sí fèrèsé," ọkùnrin náà tún wí, "ṣùgbọ́n oòrùn á jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán, àfi bí kọ́tìnnì yín bá nípọn."

"Kọ́tìnnì mi nípọn."

"Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án wò."

"Ẹ má fi ọwọ́ ìṣó kan aṣọ mi o!"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ọkùnrin náà ti sọ ọ́ ní Ìyàwó Fèrèsé, òun náà sì sọ ọkùnrin náà ní Onípẹ́ńsù. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ kọ́tìnnì wá, Ìyàwó Fèrèsé á ní, "Àwòrán ńkọ́? Mo mọ ẹnì kan." Ẹni tó bá pe Onípẹ́ńsù, òun náà á ní fèrèsé ti wà ní ìhòòhò jù. Wọ́n jọ ṣe ọ́fíìsì, wọ́n jọ ṣe yàrá ìgbàlejò àwọn ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ kó gbogbo àwòrán ayé mọ́ ògiri kan. Onípẹ́ńsù á fi sùúrù gé bébà sí ìwọ̀n àwòrán, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á ní kí onílé fi ọjọ́ méjì wò ó ná. Á ní àwòrán ò gbọdọ̀ fẹ̀ ju àga tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Á ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbì kan kí ojú rí ibi sinmi. Kò sì sí ògiri tó fẹ́ kan ìṣó mọ́ tí kì í kọ́kọ́ fi ìka kàn. Ìyàwó Fèrèsé náà dẹni tó ń fetí sí i. Ó ti mọ èyí tó dún gbà-gbà tó le, ó ti mọ èyí tó dún bí àpótí òfìfo.

Oṣù kẹjọ tí wọ́n ti pàdé rèé, wọ́n wà ní ilé obìnrin kan tó ń ṣe yàrá ọmọ, Onípẹ́ńsù sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó ń nu ọwọ́.

"Ìyàwó Fèrèsé, mo fẹ́ ká ní ògiri tiwa."

"Ògiri wo?"

"Èyíkéyìí. Ká tiẹ̀ ní ẹyọ kan péré."

Ayọ̀ bo ọmọbìnrin náà débi pé ó jókòó sórí ìdì aṣọ. Lẹ́yìn náà ló rántí bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ sì tutù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ògiri, òfin, ìyá, fọ́tò inú àpótí. Onípẹ́ńsù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó jókòó tì í.

Àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà ló di alárinà. Obìnrin yìí, Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí ìlẹ̀kùn tí kì í fi ẹ̀rín ṣí. Ó lọ bá bírìkìlà lórí àga rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" ni bírìkìlà bi í.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́."

"Kí ló fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́?"

"Àwòrán ni."

"Kí ló ń gbé àwòrán dúró?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ìṣó ni! Kí ló tún fẹ́ gbé e dúró, ẹ̀yin náà?"

"Ogójì ọdún ni mo fi dí ihò lára ògiri," ni bírìkìlà wí. "Ẹni tó ń lu ihò ló wá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

Àǹtí lọ, ó bọ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún bọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ yín títí ó fi kú. Ìṣó kan. Ṣé ọmọ rẹ̀ náà á bẹ̀ yín kú ni?" Bírìkìlà gbójú sókè wo ògiri òkè àga. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Àìkú, kó mú pẹ́ńsù rẹ̀ dání. Bó bá lè fi ibi tó tọ́ han òun, òun á gbé òòlù fún un, wọ́n á sì jókòó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Àìkú pé. Onípẹ́ńsù wọ ẹ̀wù funfun, Àǹtí wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ bírìkìlà tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ó wá wo ọkọ ọmọ. Ọmọbìnrin náà gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ jáde nínú ìró. Bírìkìlà wo fọ́tò náà, ó tètè gbójú kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Onípẹ́ńsù wí, "ta ni yóò máa wò ó?"

Kò sẹ́ni tó bi bírìkìlà ní irú ìbéèrè yìí rí. Ó ronú. "Ọmọ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

Onípẹ́ńsù ní kí ọmọbìnrin náà bọ́ sẹ́yìn àga ńlá, kó dúró ti ògiri. Ó fi pẹ́ńsù fa àmì kékeré síbi tó bá ojú rẹ̀ dọ́gba, ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ bírìkìlà mi orí, ó ní ọmọ yìí mọṣẹ́. Bírìkìlà fúnra rẹ̀ ti na ọwọ́ sí òòlù. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n àṣà ò ṣeé fi sílẹ̀. Ìka Onípẹ́ńsù gòkè lọ, ó kan ògiri. Kọ́, kọ́. Ó dúró. Ó tún un kàn. Ohùn àpótí òfìfo ló dáhùn, gbogbo pálọ̀ ló sì gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin náà fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́.

"Kí lo gbọ́?" ni bírìkìlà bi í.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Onípẹ́ńsù wo pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Inú rẹ̀ ti ṣí níbí. Símẹ́ńtì ò di bíríkì mú mọ́. Bí a bá kan ìṣó mọ́ ọn, fọ́tò á já lé ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀."

Ọ̀rẹ́ bírìkìlà wúkọ́, ó sì ń wo ilẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Bírìkìlà dìde dúró.

"O fẹ́ sọ fún mi, nínú ilé mi, pé ògiri mi ṣófo?" Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

Ó rí ojú bàbá rẹ̀. Ó rí bí ètè ọkùnrin arúgbó náà ṣe ń gbọ̀n, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀, àánú bàbá rẹ̀ sì ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ.

"Rárá, Bàbá," ó ní. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹyin lohùn. Onípẹ́ńsù wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí, ó kí gbogbo ilé pé ó dàbọ̀, ó sì jáde kí wọ́n tó lé e.

Ní ọjọ́ kejì, Onípẹ́ńsù wá sí ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin náà. Kò jókòó.

"O gbọ́ ọ."

"Mi ò fẹ́ kí ojú ti bàbá mi."

"Èmi ńkọ́?"

"Ọmọdé ni ẹ́. Ìwọ lè fara dà á. Lọ bá wọn, jọ̀ọ́. Sọ pé etí ló tàn ọ́."

"Bí fọ́tò náà bá wá já lu ẹ́ lórí?"

"Ṣé nítorí fọ́tò ni o ò fi ní fẹ́ mi?"

"Nítorí fọ́tò kọ́." Ó fọwọ́ kan etí ẹ̀rọ ìránṣọ náà bí ẹni tó fẹ́ rí ibi di mú. "Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi ìbínú bi ẹ́ léèrè èmi, kí lo máa sọ? Sọ fún bàbá rẹ pé o gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí wọ́n bá lé mi lẹ́yìn ìyẹn, mo gbà. Màá tún padà wá."

Ọmọbìnrin náà ṣèlérí. Ó sì ní in lọ́kàn lóòótọ́. Láràárọ̀, bó bá ń gbé tíì fún bàbá rẹ̀, á ní òní ni. Á wo ọwọ́ bàbá náà, ọwọ́ tí símẹ́ńtì ti jẹ ní ọmọ ìka, tó kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀, tó tọ́ òun nìkan láìfẹ́ ìyàwó mìíràn, á sì gbé ife tíì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Á ní ó dọ̀la. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá òun lòun ń sọ.

"Ó ní ṣé o ti sọ ọ́," ni Àǹtí máa ń wá jíṣẹ́.

"Ẹ ní kó mú sùúrù."

Oṣù mẹ́ta, ó ní kó mú sùúrù. Oṣù mẹ́fà, ó ní kó mú sùúrù. Nígbà tó pé ọdún kan àti díẹ̀, Àǹtí wá, kò bi í ní nǹkan kan. Ó ní Onípẹ́ńsù ti rí iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ó sì ti kó àkàbà rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà ń rán kọ́tìnnì kan lọ́wọ́ nígbà náà. Ó rán an parí. Ìgbà tó gbé e sókè ló rí i pé òdì ló rán an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ó ń sunkún, kò sì dúró títí tí òwú fi tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú yẹn, ọdún mẹ́rin ni ògiri náà fi dúró. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bàbá àti ọmọ ń jẹun lórí tábìlì, wọ́n gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa aṣọ ya. Símẹ́ńtì ibi òkè àga fẹ̀ jáde, ó rọra tẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ gbì. Eruku bo oúnjẹ wọn. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, bíríkì pupa ń wò wọ́n láti inú ògiri. Orí àga tí ọmọbìnrin náà máa ń jókòó sí ló dà lé.

Bírìkìlà ò mira. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù náà. Ó rí èyí tí àmì pẹ́ńsù wà lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́wàá. Ó nù ún pẹ̀lú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.

"Pe Àǹtí rẹ fún mi," ni bàbá rẹ̀ wí. Nígbà tí Àǹtí dé, ó ní, "Ẹ bá mi wá ọmọkùnrin yẹn. Ẹ ní mo ní kó wá kan ìṣó rẹ̀."

Ọjọ́ méjì ni Àǹtí fi lọ. Kí la fẹ́ sọ nípa ọjọ́ méjì yẹn? Ọmọbìnrin náà fọ gbogbo kọ́tìnnì ilé. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ka ọdún rẹ̀, ó ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ò tíì pọ̀ jù. Ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ lọ́kàn, ó ń yí i padà.

Àǹtí dé nírọ̀lẹ́, òun nìkan. Ó fà á lọ sí ilé ìdáná.

"Ó ti láya, ọmọ mi. Ó ti bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà ti ń rìn."

Ọmọbìnrin náà di etí àwo kan mú. "Ṣé ó bínú, Àǹtí?"

"Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó fún mi lómi, ó ní kí n kí bàbá rẹ dáadáa. Ó ní bí wọ́n bá tún ògiri náà rẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó kan ìṣó. Ó fi èyí rán mi." Àǹtí tú bébà ọwọ́ rẹ̀. Férémù ni, igi rẹ̀ dán, ìwọ̀n fọ́tò ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pe òun wá ilé yín lòun ti kàn án, pẹ̀lú ìwọ̀n tí o fún òun."

"Kò béèrè mi?"

Àǹtí yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó béèrè. Ó ní ṣé kọ́tìnnì rẹ ṣì nípọn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà kí ẹkún tó bá a. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ibi tó yẹ kéèyàn gbé e sí bó bá dé. Àǹtí gbá a mọ́ra títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá rẹ̀ ló tún ògiri náà rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń po símẹ́ńtì, tó ń gbé e fún un, tó ń di ìbàdí rẹ̀ mú kó má ṣubú. Wọ́n ka ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ó jáde láti yàrá, ó bá bàbá rẹ̀ ní ìdúró níwájú ògiri, ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́ kan, pẹ́ńsù lọ́wọ́ kejì. Fọ́tò wà lórí àga nínú férémù tuntun.

Bírìkìlà fi ìka kan ògiri. Gbà, gbà. Ó yọ ìṣó lẹ́nu.

"Ta ni yóò máa wò ó?" ó ní.

"Èmi ni, Bàbá."

Ó ní kó dúró tì í. Ó fa àmì síbi tó bá ojú ọmọ rẹ̀ dọ́gba. Ọmọbìnrin náà gbé téèpù, ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́wàá. Kò ga sí i, kò kúrú sí i. Ibẹ̀ gan-an ni.

Bàbá rẹ̀ ò tíì gbé ìṣó síbẹ̀. Ó ń wo àmì náà.

"Lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "ṣé o gbọ́ ọ?"

Ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà ti fi wà lọ́fun rẹ̀. "Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

Ọkùnrin arúgbó náà gbé ẹnu ìṣó lé àárín àmì.

"Èmi náà gbọ́," ó ní, ó sì gbé òòlù sókè.